Àwọ̀n Ológbò àti Òfin Kẹrìnlá

                                        Fúláàtì Kẹfà, Àjà Kẹta,
                                        Ilé Aláwọ̀ Eérú.
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ohun mẹ́rin ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun láti ọjọ́ Àìkú. Èkíní ni ojú yín tí dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Èkejì ni bákónì mi. Ẹ̀kẹta ni ológbò tí ìyàwó mi olóògbé fi sílẹ̀, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní Ìyàwó Kejì. Ẹ̀kẹrin ni bóyá mo pa gáàsì kí n tó sùn. Mo ti dìde lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, mo pa á lóòótọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé n kò tíì kí yín. Ṣé ara yín le? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ ń kán oògùn sójú bí dókítà ṣe wí, kì í ṣe bó ṣe wù yín? Ara tèmi náà le, àfi orúnkún mi tí àtẹ̀gùn ilé yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Mo rí lẹ́tà yín gbà. Ẹ ní mo ń wá àwáwí. Ẹ ní tí wọ́n bá ń ṣí báńdéèjì kúrò lójú yín, èmi lẹ fẹ́ kọ́kọ́ rí, àti pé bí n kò bá wá, ẹ ó mọ̀ pé ológbò ti gba ipò yín. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ wá. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Àwọn ẹyẹlé ti sọ bákónì mi di ilé ìpàdé. Bí ológbò yìí bá ti rí wọn, á gun orí irin bákónì, á máa yan lọ yan bọ̀ bí ẹni tó ń rìn ní pálọ̀. Bí mo bá wà nílé, mo lè di ìrù rẹ̀ mú. Bí mo bá wá sọ́dọ̀ yín ńkọ́? N kò sì lè gbé e dání, torí bí ẹ bá ti fojú kàn án báyìí, ẹ ó máa sín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wẹ́dà tó máa ń tún irin wa ṣe ní kí a na àwọ̀n yí bákónì ká, pé ihò mẹ́rìnlélógún péré ni òun máa lu sára ògiri. Mo bi í bóyá ilé kò ní wó. Ó wò mí títí, ó ní rárá.

Mo bá lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ alága ìgbìmọ̀ ilé, aránṣọ tó ń gbé nísàlẹ̀. Ó fa ìwé òfin yọ lábẹ́ aṣọ tó ń rán, ó ka òfin kẹrìnlá sí mi létí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu ihò sára ògiri ilé yìí, ì báà ṣe ihò ìṣó, àfi bí gbogbo ayálégbé bá fọwọ́ sí i. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá kọ̀, ó parí.

Inú bí mi. Mo ní ẹni tó kọ irú òfin báyìí kò láàánú, kò sì jọ pé ó ní nǹkan gidi tó ń ṣe nílé ara rẹ̀. Aránṣọ yí ìwé náà padà, ó fi abẹ́rẹ́ tọ́ka sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni. Ìlà méjì tí bàbá wa kọ́ wa pé ká máa fà sábẹ́ orúkọ wà níbẹ̀ gbangba. Mo ti gbàgbé pé èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

"Bàbá," ó ní, "ẹ kọ ọ́ dáadáa. Kò síbi téèyàn lè gbà sá fún un."

Ni mo bá kọ lẹ́tà ìtọrọ àṣẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn kí gbogbo ilé lè fọwọ́ sí i. Tísà tó ń gbé àjà kejì kọ́kọ́ fi báírò pupa ṣàtúnṣe lẹ́tà mi, ó fún mi ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá, kó tó fọwọ́ sí i. Ọkùnrin tí a jọ ń gbé lájà kẹta fọwọ́ sí i láìkà á rárá. Ìyẹn dẹ́rù bà mí, mo ní kó jókòó kó kà á. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ó ku ẹnì kan: awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lókè orí mi gan-an.

Ẹ ó rántí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Pákó ni mo máa ń pè é nínú lẹ́tà mi. Ó fẹ́ kan pákó mọ́ ògiri nígbà náà láti to ìwé rẹ̀ sí. Torí tirẹ̀ ni mo ṣe kọ òfin kẹrìnlá. Òkè bẹ́ẹ̀dì mi ni ògiri yẹn wà, mo sì ń rò ó pé pákó á já, ìwé á tẹ̀ lé e, ilẹ̀ ilé rẹ̀ á tẹ̀ lé ìwé, gbogbo wọn á wá bá mi níbi tí mo sùn sí.

Mo kanlẹ̀kùn, ó ní kí n wọlé. Ìwé kún ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé. Ó to díẹ̀ jọ, ó ní kí n jókòó lé e. Pákó náà ṣì fara ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo sọ ti ojú yín, mo sọ ti ológbò, mo sọ ti ẹyẹlé. Ó wọ yàrá, ó mú bébà kan tó ti pọ́n jáde. Lẹ́tà ìtọrọ àṣẹ tirẹ̀ lórí pákó náà ni. Gbogbo ilé ló ti fọwọ́ sí i. Àyè kan ṣoṣo ló ṣófo, orúkọ mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọdún mẹ́sàn-án," ó ní, "tí mo ti ń wá ìwé lórí ìkúnlẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ẹ fọwọ́ sí tèmi, bàbá, kí n fọwọ́ sí tiyín."

Mo bi í bóyá ìṣó rẹ̀ gùn tó. Ó ní ó gùn. Mo bi í bóyá kò ní to ìwé tó wúwo jù sórí rẹ̀. Ó ní ìwé tó wúwo jù nínú ilé yìí ni ìwé òfin mi. Mo fọwọ́ sí i, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. N kò lè purọ́ fún yín, ojú tì mí. Gbogbo ọdún tí mo fi ń sùn lábẹ́ ilé rẹ̀ láìséwu, orí ìkúnlẹ̀ ni ọkùnrin yìí wà.

Ní Àbámẹ́ta yìí, wẹ́dà á lu ihò mẹ́rìnlélógún tèmi, á sì lu mẹ́rin tirẹ̀. Awakọ̀ ní òun á máa bọ́ ológbò tí n kò bá sí nílé. Mo kọ ojú ewé mẹ́rin fún un lórí bí yóò ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Ó ní ojú ewé mẹ́rin yẹn ló máa kọ́kọ́ gun orí pákó òun. Mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì mi lọ sí pálọ̀ ní tèmi. Kì í ṣe pé n kò gbà á gbọ́.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ẹ kí ìyàwó àkọ́bí yín tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí, kó má fo ibì kankan. Mo fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́rin wo àwọ̀n náà kó dá mi lójú. Lẹ́yìn ìyẹn, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù yìí, ní agogo méje àárọ̀, ni mo máa gbéra. Mo ti kọ ọ́ sára ògiri, mo sì ti fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Èmi àbúrò yín tí ológbò kò lè gbà lọ́wọ́ yín,
Bàbá Àníyàn.