Ayò Mẹ́ta sí Òdo

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ bí wọ́n ṣe na ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní ayò mẹ́ta sí òdo nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ sáà yìí. Ọsibítù ni mo ti wò ó. Ẹ má mikàn, àyẹ̀wò díẹ̀ ni. Mi ò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Ẹgbẹ́ wa ni káfíńtà tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì náà ń tì lẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ̀yìn wa ló ṣí sílẹ̀ gbayawu." Mo ní aṣọ́lé ló sùn. A jiyàn títí nọ́ọ̀sì fi pa tẹlifíṣọ̀n. Káfíńtà ní, "Fọkàn balẹ̀, àbúrò mi, àwa la máa gba ife."

Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wá kó bàtà rẹ̀, ó bi mí pé kí ni ọkọ òun sọ kẹ́yìn. Mo ní ó sọ pé a máa gba ife. Ó jókòó, ó sunkún.

Ara tèmi ń mókun. Ooru ló jẹ́ kí n fá irun, ẹ má jẹ́ kí fọ́tò tí mo fi sínú lẹ́tà yìí dẹ́rù bà yín. Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ ní kí àbúrò mi máa jókòó sórí àga mi, kẹ́ ẹ má baà máa dá wo bọ́ọ̀lù.

Ọmọ yín.