Ikọ́ Rẹ àti Ara Àìṣà

                                        Agboolé Oníkòkò,
                                        Lẹ́yìn Ọjà-Ọba,
                                        Ìlọrin.
                                        10 Oṣù Kejì, 2025.

Àbúrò mi Kùdírátù,

Sadiya, ìyàwó Múdàṣírù ọmọ mi, ló ń bá mi kọ èyí. Mo ní kò gbọdọ̀ fi oyin sí i. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Afọ́n? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ewúrẹ́ rẹ tó lóyún ńkọ́, ṣé ó ti bí? Ikọ́ rẹ ńkọ́? Ikọ́ yẹn ni mo torí ẹ̀ ní kí a mú bírò.

O mọ̀ pé oríkèé ara Àìṣà, ọmọ Sadiya, ń wú, tí kò lè di ṣíbí mú. Dókítà Abdulhaleem fún un ní oògùn tuntun, ìka rẹ̀ sì rọ̀ tó fi tún ń dirun fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ibà gbé e lọ́sẹ̀ tó kọjá, a sì gbé e padà sí ọsibítù.

Dókítà ní ti oríkèé tó ń wú yẹn, ara rẹ̀ ló ń rán oníṣẹ́ kiri pé ogun dé, nígbà tí kò sí ogun. Oníṣẹ́ náà kì í wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí, bí ará oko tó wá rí Ọba. Bó bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, àwọn dógárì, ẹ̀ṣọ́ ààfin tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, a jí ara wọn, wọn a gbé iṣẹ́ náà lé ẹnìkan lọ́wọ́, onítọ̀hún a sáré dé yàrá inú lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń jáde pé kí ara wú, kó gbóná. Àwọn dógárì yẹn ni oògùn náà di lọ́wọ́ mú.

Mo ní bí ogun gidi bá wá dé ńkọ́?

Dókítà ní, “Ìyá, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Àwọn náà ló ń gba ìròyìn ogun gidi. Ta ló ń wúkọ́ nílé yín?”

Èmi ni mo dárúkọ rẹ.

Nígbà tí o wá bá wa ṣe àdúrà fídáù òkú níbí, a ya abọ́ àti ife sọ́tọ̀ fún ọ. Mo ní ti àlejò ni. Irọ́ ni, ikọ́ rẹ là ń sá fún. A wá tẹ́ ẹní rẹ sí yàrá Àìṣà, a ti fèrèsé nítorí ọyẹ́. Dókítà ní ikọ́ ife kì í gba inú abọ́, afẹ́fẹ́ ló ń gbà.

Wọ́n ti dá oògùn náà dúró. Ìka ọmọ ti ń ká padà. Ọjọ́bọ̀ ni èsì àyẹ̀wò rẹ̀ á jáde.

Má wá lọ́jọ́ Jímọ̀ tí o ní o ń bọ̀ wá kí wa. Lọ tutọ́ sínú ike fún wọn ní ọsibítù. Bó bá jẹ́ ikọ́ ife, ó lóògùn, ọ̀fẹ́ sì ni. Má sọ fún wọn pé omi tútù ló fà á. Bí inú bá ń bí ọ, bínú lọ síbẹ̀.

Àmínù ọmọ rẹ tó ń ka èyí sí ọ létí ni kó fi ọ̀kadà gbé ọ lọ lọ́la. Kí ó pe Múdàṣírù bí wọ́n bá ti sọ ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó Shehu inú ilé yín, tó ń gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sùn tì ọ́, òun ni kí o kọ́kọ́ sọ fún pé ó lè jẹ́ ikọ́ ife. Sọ fún un kí ilẹ̀ òní tó ṣú.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni,
Ìyá Múdàṣírù.