Àjàrà Orí Òkè àti Ti Ìsàlẹ̀

Mummy mi,

Ẹ bi mí bóyá Thamesmead ní London níbí ti mọ́ mi lára. Ó ti mọ́ mi lára ju awọ ara mi lọ! Ẹ gbọ́ ìyanu ná. Ní Sátidé, mo tẹ̀ lé Uncle Solomon lọ já ìgò òfìfo ní oko àjàrà kan ní Kent. Oko náà lè gbé gbogbo Ìbàdàn mì!

Auntie Chloe tó ni oko fún mi ní èso orí òkè, níbi tí oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀. Oyin ni! Wọ́n tún fún mi ní ti ìsàlẹ̀, níbi tí òtútù máa ń kóra jọ sí. Ó kan débi pé etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

"Irú kan náà ni," wọ́n ní. "Ibi tí a gbìn wọ́n sí ni kò jẹ́ kí wáìnì wọn jọra."

Ẹnu mi ò lè padé. (Mi ò mu wáìnì o, Jésù gbọ́!) Wọ́n ní àwọn máa hú ti ìsàlẹ̀ tí kò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ níbẹ̀, kí wọ́n gbin irú tó lè fara da òtútù.

Mo bẹ̀ wọ́n: "Auntie, ẹ ṣe sùúrù fún un, kò tíì pẹ́ tó débí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dáa, àwọn á fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ bá mi kí Daddy. Ẹ kí Títílọlá náà, kó má tíì gba bẹ́ẹ̀dì mi o.

Fọlárìn yín