Ìyá tí kò fẹ́ sọ pé ilé òun ṣófo

Ẹ kú ilé o, màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Adja-Ouèrè. Mo kí bàbá mi, mo kí ìyá àgbà, mo kí àwọn àbúrò tó ń jà sí ẹní mi ní Sábẹ̀.

Òjò ń rọ̀ níbí, ẹrẹ̀ ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì sì máa ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ mi. Bí mo bá sọ èdè Sábẹ̀ wa, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á rẹ́rìn-ín, nítorí náà n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo kàn ń wò wọ́n ni.

Ìyá Kọlẹ́tì, opó tó gbà mí sílé láìgba nǹkan kan, wà nínú wàhálà. Epo pupa ló ń ṣe. Yàrá mẹ́fà ni ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, èmi àti òun nìkan là ń gbé inú rẹ̀; àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Gabon àti Èkó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé owó orí ilé dé, mo kà á fún un. Wọ́n kọ ọ́ pé ayálégbé wà ní gbogbo yàrá, owó tí wọ́n sì bù lé e kọjá agbára rẹ̀. Oníṣòwò kan ti gbọ́, ó ti ń wá béèrè bóyá yóò ta oko ọ̀pẹ rẹ̀ ní Ikpinlè kó lè rí owó náà san.

Mo bi í léèrè ohun tó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ owó orí tó wá ka ilé. Ó ní òun sọ fún wọn pé ilé kún, kò sí yàrá tí kò lẹ́ni. Ó ní ta ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ilé rẹ̀ ní ahoro?

Ọjọ́ Ẹtì ni gbèdéke ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín owó náà kù. Mo fi Faransé kọ ọ́ pé yàrá mẹ́rin ṣófo. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó ní ṣé mo fẹ́ sin àwọn ọmọ òun láàyè ni? Kí n kọ ọ́ pé wọ́n rìnrìn àjò. Mo ní àyè méjì péré ló wà nínú ìwé náà, èèyàn ń gbé ibẹ̀ tàbí ó ṣófo. Ó ní ẹni tó ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò bímọ rí.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, a gun sẹ́mìjàn, ọ̀kadà àwọn ará ibí, lọ sí ọ́fíìsì owó orí, ìwé náà ṣì wà bí mo ṣe kọ ọ́. Òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ bi í léèrè ẹni tó wà nínú yàrá mẹ́rin wọ̀nyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ náà ní ilé kún nìyẹn, ó sì fẹ́ dá ìwé wa padà.

Màámi, èmi tí n kì í nawọ́ ní kíláàsì, mo la ẹnu. Mo ní èmi ni mò ń gbá yàrá mẹ́rin yẹn, n kò tíì rí ipa ẹsẹ̀ ẹnìkan nínú eruku wọn rí.

Ìyá Kọlẹ́tì wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Òṣìṣẹ́ náà bi í bóyá òótọ́ ni. Ìyá ní òótọ́ ni, wọ́n ṣófo, ṣùgbọ́n kó jọ̀ọ́, kó kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké.

Wọ́n gba ìwé náà. Wọ́n á wá wo ilé lọ́jọ́ Ajé, a kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ oko máa já sí. Bí mo bá kí i báyìí, ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n kì í béèrè mọ́ bóyá mo ti jẹun.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí dè mí. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Bí àwọn tó ń ka ilé bá dé ọ̀dọ̀ yín, màámi, ẹ sọ fún wọn pé yàrá mi ṣófo. Ìyẹn kò ní kí n má wálé.

Ọmọ yín,
Àṣàkẹ́