Ẹni Tó Pe Àjíkẹ́ Lẹ́nu Géètì

Abúlé Ìdí-Àràbà,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Oṣù Kẹta, 2008.

Mubeenah mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, ọmọ mi. Ṣé ara rẹ le? Ṣé oúnjẹ ń lọ lọ́nà ọ̀fun? Ṣé o ń jí kírun Àsùbáà, àbí Àǹtí Nímọ́tà ṣì ń fi omi ta ọ́ lójú? Alláhù á ṣọ́ àlọ rẹ láti ilé ní Koumassi dé ilé-ìwé ní Marcory, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ojú ìkà kò ní rí ọ. Àmín. Ibi tí mo kọ àdúrà yìí dé ni ọwọ́ mi ti dúró, torí èmi gan-an ni mo fi ọ́ han ojú ìkà. Màá dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé ná, ojú ń tì mí.

Ẹsẹ̀ màmá àgbà ti ń san. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹ̀yìnkùlé lọ bú ewúrẹ́, ewúrẹ́ náà sì ti bímọ. Wọ́n ri òpó fóònù mọ́ ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí wa, láti ìgbà náà màmá àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jà níta mọ́, ó ní òpó yẹn ń gbé ọ̀rọ̀ wa lọ sí ibi tí a kò mọ̀. Mo fi í rẹ́rìn-ín nígbà náà. N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mubeenah, ọkùnrin tó wá béèrè rẹ lẹ́nu géètì ilé-ìwé yín, tí wọ́n torí rẹ̀ lé ọ kúrò ní yàrá kọ̀ǹpútà, ìwọ kọ́ lo pè é. Èmi ni.

O rántí pé o fi kọ̀ǹpútà ilé-ìwé fi àwòrán rẹ ránṣẹ́ sí mi, èyí tí o wọ yunifọ́ọ̀mù. Àlàkẹ́ tó ni ilé kọ̀ǹpútà ní Tákíé ló bá mi ṣí àpótí lẹ́tà orí intanẹ́ẹ̀tì kí n lè rí i gbà. Mo rò pé tìrẹ nìkan ni màá máa bá níbẹ̀, àfi bí mo ṣe débẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tí mo bá ìkíni rẹpẹtẹ. Àwọn tí n kò mọ̀ rí ń pè mí ní ẹni ọ̀wọ́n, wọ́n ń béèrè àlàáfíà ìdílé mi. Inú mi dùn, kí n má purọ́, torí pé láti ìgbà tí mo ti Abidjan dé láti wá tọ́jú màmá àgbà, àwọn ará ibí kì í fi bẹ́ẹ̀ dá sí mi. Mo wò ó pé ẹni tó fowó ra àkókò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nítorí kó lè kí mi, ṣé kí n wá kọjá lára rẹ̀ bí ẹran? Ìwọ náà mọ bí mo ṣe máa ń ṣe ọ́ bí o bá gbàgbé láti kí ìyá tó ń ta àtíẹ̀kẹ́ ẹ̀gẹ́ ládùúgbò Remblais. Mo dá gbogbo wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kí ilé, mo kí ọ̀nà, títí Àlàkẹ́ fi ní àkókò mi ti tán.

Ọ̀kan nínú wọn ni Madame Rose. Ó ní opó ni òun, òun ń ṣàìsàn ní Abidjan, kò sí ẹni tó ń bẹ òun wò. Ó mẹ́nu ba dúkìá tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ pẹ̀lú, mi ò ní sọ pé ọkàn mi kò lọ síbẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn yẹn ló dùn mí. Mo kọ̀wé sí i pé ọmọ mi wà ní Abidjan, á wá kí i. Mo kọ orúkọ rẹ, mo kọ ilé-ìwé rẹ, mo kọ kíláàsì quatrième tí o wà, mo fi àwòrán rẹ kún un. Kí wọ́n má baà ṣi ọmọ ọlọ́mọ mú, mo ní kí ẹni tí ó bá rán wá pè ọ́ ní Àjíkẹ́, kíá ni wàá jẹ́, torí èmi àti màmá àgbà nìkan là ń fi oríkì pè ọ́.

Bẹ́ẹ̀ mo ti ka ìwé òfin kọ̀ǹpútà tí ilé-ìwé ní kí òbí fọwọ́ sí. Faransé mi kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ní kọ̀ǹpútà lè kó àrùn, mo kọ ọ́ sí ọ pé kí o máa fi ọṣẹ fọwọ́ kí o tó kàn án, àti lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ má jẹun nítòsí rẹ̀, mo yìn wọ́n, kò dáa kéèyàn máa jẹun níwájú ẹni tí kò lè jẹ. Ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ má sọ orúkọ, kí ẹ má júwe ilé-ìwé, kí ẹ má fi àwòrán ránṣẹ́ sí àjèjì, mo fàlà sábẹ́ ẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e ni mo kọ̀wé sí Madame Rose. Mo rò pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni òfin náà dè. Èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí Àǹtí Nímọ́tà tẹ̀ mí láago pé ọkùnrin kan mú àwòrán rẹ wá sí géètì, pé ọpẹ́lọpẹ́ mùsíyọ̀ Émile tó ń ṣọ́ géètì tó lọ pe ọ̀gá ilé-ìwé, tí ọkùnrin náà fi sá wọ takisí, n kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní kó gbé fóònù fún ọ. O rántí ohun tí mo pè ọ́. Mo béèrè pé ta ló tọ́ ọ. O ń sunkún pé Màámi, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo ní kí o pa ẹnu rẹ mọ́, mo sì pa fóònù. Ìgbà tí Àǹtí Nímọ́tà tún pè ló wá sọ pé ohun tó mú Émile fura ni pé ọkùnrin náà ń béèrè Àjíkẹ́, òun sì dá a lóhùn pé àwọn kò ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Màmá àgbà bi mí pé ta ló kú.

Mo sáré lọ bá Àlàkẹ́. Kò bú mi, ì bá tiẹ̀ sàn kó bú mi. Ó ṣí àpótí tirẹ̀ hàn mí: ìkíni kan náà, opó kan náà, àìsàn kan náà. Ó ní, Ìyá Mubeenah, ẹ̀yin nìkan lẹ dáhùn.

N kò fi intanẹ́ẹ̀tì kọ èyí. Síkírù awakọ̀ tó ń ná Abidjan ni mo fi rán. Kà á sókè fún bàbá rẹ, má fo ibì kankan, kí Àǹtí Nímọ́tà sì túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá ilé-ìwé yín. Mo fẹ́ kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò ní orúnkún. Wọ́n ní títí òbí á fi wá lo kò ní wọ yàrá kọ̀ǹpútà, òbí tó sì ṣẹ̀ ló yẹ kó wá. Nítorí náà bá mi bẹ bàbá rẹ kó fi owó ọkọ̀ rán Síkírù padà sí mi. Kì í ṣe owó aṣọ, kì í ṣe owó ọbẹ̀. Bí kò bá pé, màá fi àwọn ọmọ ewúrẹ́ kún un, màmá àgbà ti gbà. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù, màá fi ra òróró ìfira ẹsẹ̀ fún màmá àgbà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àṣìṣe mi di ẹrù rẹ. Wàá kàwé, wàá yege, wọn á fi ọ́ sípò tí wọ́n ti lé ọ kúrò. Dárí jì mí, ọmọ mi. Èmi tí mo kọ́ ọ pé ọmọ tí kì í dáhùn ìkíni kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, èmi náà ló ń sọ ọ́ báyìí pé bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ ní Àjíkẹ́, má jẹ́ ẹ. Má tiẹ̀ yíjú. Ọjọ́ tí o bá gbọ́ ọ lẹ́nu géètì, tí ohùn náà ń gbọ̀n, tí ẹni tó ń pè ọ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mùsíyọ̀ Émile, ọjọ́ yẹn ni kí o jáde wá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kúlísúmù.