Mo Mú Aboyún Ajá Rìn Jìnnà Jù

Bàbá Àgbà mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí: ìrì lórí koríko páàkì, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan tó ń tú àpò ìdọ̀tí, àti ikùn Juno, ajá ọdẹ ìyá òyìnbó tí mo ń bá mú ajá rìn, tó ti sọ̀ wálẹ̀.

Mo kí yín, mo kí Ìyá Àgbà àti àwọn ajá yín. Orúnkún Aunty Sherifat, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ti ń san. Ẹnu wọn kò sinmi lórí aṣọ iṣẹ́ mi tí itọ́ ajá máa ń wà lára rẹ̀: "Rahmah, bọ́ ọ síta! Mo ti ṣe àlùwàlá!"

Bàbá, ẹ kọ́ mi pé kí aboyún ajá máa rìn kí ìbí lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n bí ikùn bá ti sọ̀, kó má kọjá ẹ̀yìnkùlé. Mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ mo mú Juno jìnnà dé àdúgbò Forest Hill, torí òun nìkan ló ń fetí sí mi títí ọ̀rọ̀ mi á fi tán. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò lè dìde. Mo gbé e wọ takisí. Dókítà ẹranko ní ọkàn àwọn ọmọ inú rẹ̀ ṣì ń lù. Mo jẹ́wọ́ fún ìyá òyìnbó náà, wọ́n sì ní kí n má wá mọ́ títí Juno yóò fi bímọ.

Mi ò mọ ẹni tí màá bá sọ̀rọ̀ lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí, kí ẹ bá mi wí dáadáa. Ọlọ́run á dá yín sí fún mi.

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo tó délé dùbúlẹ̀; orí ibùsùn ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí.

Rahmah