Màmá Alọṣọ, Tí Wọ́n Bèèrè Pé Ẹni Tí Kò Ní Èkejì Ńkọ́

Ní ọdún 1951 ni a bí Màmá Alọṣọ, olóògbé wa, sínú ilé káfíńtà kan àti ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ. Ìbejì ni wọ́n. Màmá ló kọ́kọ́ yọjú. Ẹni tó tẹ̀lé wọn ni gbogbo wa ń pè ní Èkejì títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ wo ìjókòó iwájú lọ́hùn-ún tí àyà yín já, ẹ fọkàn balẹ̀. Èkejì ni, òkú kọ́ ló jí.

Èkejì fẹ́ràn Màmá débi tó fi di owú. Ní ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó bá jókòó ti Màmá, ìgúnpá Èkejì ló máa lé e dìde. Nígbà tí Màmá fẹ́ awakọ̀ akẹ́rù ní ọdún 1974, ó pẹ́ gan-an kí Èkejì tó dáhùn ìkíni ọkọ náà.

Láti ọdún 1972 ni Màmá ti ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ ńlá kan. Tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni tiwọn, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì fi ń di áyọ́ọ̀nù mú. Oru omi gbígbóná kì í bá wọn lára mu, èémí a sì máa há wọn. Láyé ìgbà náà, òṣìṣẹ́ tó bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ebi ni yóò bá a dìde. Èkejì á wá wọ ẹ̀wù iṣẹ́ Màmá, wọn á dé fìlà, wọn á lọ dúró nídìí tábìlì. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni Èkejì o, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù jó wọn títí ọwọ́ òsì fi mọ́ wọn lára. Ọ̀gá kò fura rí. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ nìkan ni ọgbọ́n yìí kò ti ṣiṣẹ́, torí ohùn Èkejì, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i!

Ká má purọ́, ọjọ́ tí Màmá bá ń ṣàìsàn, inú Èkejì máa ń dùn.

Ní ọdún 1998, àwọn aṣòfin pe òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá jọ nítorí òfin pé kí agbanisíṣẹ́ máa san owó ẹni tí àìsàn dá dúró sílé. Màmá dìde, wọ́n ní, “Èmi ní èkejì tó ń bá mi dúró. Ẹni tí kò ní èkejì ńkọ́?” Ibẹ̀ ni ọ̀gá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ àṣírí. Àwọn aṣòfin fọwọ́ sí òfin náà, gbogbo òṣìṣẹ́ ń jó. Èkejì tilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n ń sunkún. “Ohun tó jẹ́ tèmi nìkan lo pín fún gbogbo ayé! Òfin ti di orogún mi.”

Láti ìgbà náà, bí Màmá bá ń ṣàìsàn, owó ń wọlé, ẹ̀wù iṣẹ́ sì wà lára ìṣó. Èkejì á wò ó, wọn á pòṣé. Ẹni tó bá yin òfin náà lójú wọn ti dá ìjà sílẹ̀.

Ní ọdún 2009, àìsàn ìkẹyìn dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá nawọ́ sí ẹ̀wù náà. “Lọ bá mi dúró lónìí.”

Èkejì ní, “Ṣebí òfin rẹ ń sanwó?”

Màmá rẹ́rìn-ín. “Òfin ń sanwó. Kò lè jẹ́ èmi.”

Èkejì lọ. Ọ̀gá, tó ti mọ àṣírí, rí wọn, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń lọ aṣọ nígbà tí ìròyìn ikú bá wọn níbẹ̀. Wọ́n lọ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn tán kí wọ́n tó bú sẹ́kún.

Màmá fi Èkejì sáyé lọ (àwọn fúnra wọn ló ní ká kọ àwọn ṣáájú, ta ló tó bá wọn jà?), ọmọ méjì, ọmọ-ọmọ mẹ́ta, àti gbogbo òṣìṣẹ́ tó dùbúlẹ̀ àìsàn lónìí tí ìkòkò ṣì wà lórí iná wọn.

Màmá Alọṣọ, ẹ sùn un re, kí ilẹ̀ dẹ̀ fún yín. Èkejì ń jowú ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Wọ́n ní ká sọ fún yín pé kò síbi tí àwọn kò lè bá yín dúró. Inú ilẹ̀ yìí nìkan ni ẹ kò rán àwọn.